Bí àtẹ inú flash bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀

Ẹ ní driver tí ẹ ń kọ (ètò tó ń bá chip sọ̀rọ̀) ka àtẹ SFDP inú chip flash kan, ìyẹn àtẹ tí chip fi ń sọ bí òun ṣe rí àti bí a ṣe ń lo òun; ó ń retí DWORD mẹ́rìndínlógún (byte mẹ́rin ni DWORD kan), mẹ́sàn-án péré ló bá níbẹ̀. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí driver lé chip náà dànù ni, àbí kó fi òdo dí ibi tó ṣófo kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èkejì. Mo ti ṣe é rí, òdo yẹn gan-an ló sọ mí di ẹni tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń pè láago márùn-ún ìdájí.

Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì la máa ń ṣe àpótí kékeré kan níbí ní Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń gbé kọ́ sínú yàrá yìnyín láti máa ṣọ́ bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí. Àwọn tó ń kó ẹja lọ sí ọjà Olúwo ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Ẹja tó bá yọ́ lóru, tí wọ́n tún dì kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú lásán kì í tètè dá a mọ̀. Àpótí wa ló ń jẹ́rìí. Ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 10, á kọ byte 64 sínú flash 32 MB. MB 8 àkọ́kọ́ wà fún bootloader (èyí tó ń jí àpótí nígbà tí iná bá dé) àti kóòdù, láti ibẹ̀ lọ sókè ni ti àkọsílẹ̀.

Nǹkan ń lọ dáadáa títí a fi ra chip mìíràn lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Orúkọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu, àfi lẹ́tà kan tó gbẹ̀yìn. Mo fi àṣẹ 0x9F (0x ń fi hàn pé ìṣirò oní-16 ni nọ́ńbà náà) bèèrè ID ẹ̀, byte mẹ́ta tó dá padà kò yàtọ̀ sí ti àwọn ti àtijọ́. Mo ní kò burú. A sódà wọn mọ́ bọ́ọ̀dù, a dán wọn wò fún ọjọ́ méjì, a nu àkọsílẹ̀ wọn, a kó wọn fún àwọn tó ni wọ́n.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni iná lọ lóru. Nígbà tí iná dé, àpótí mẹ́ta kò jí. Ìkẹrin wà ní ibì kan tí wọ́n ti ní inverter, iná ewéko ara ẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú, mo sì ń fi í yangàn fún oníbàárà pé ẹ ò rí i, tiwa kì í kú bẹ́ẹ̀. Mo yọ okùn iná ẹ̀ kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Òun náà ò jí mọ́.

Mo pààrọ̀ páwà, mo fọ bọ́ọ̀dù, mo bú ọmọ iṣẹ́ mi pé sódà ẹ̀ ni kò gún (mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà), kó tó di pé mo fi clip gbá chip náà mú, mo sì ka inú ẹ̀ láti òdo. Níbi tó yẹ kí bootloader wà, nígbà tí mo túmọ̀ àwọn byte yẹn tán, ohun tí mo rí ni -18.2, -18.1, -18.2, -17.9. Òtútù ẹja ló jókòó sórí àga bootloader.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bí a bá pín MB 8 sí byte 64, àkọsílẹ̀ 131,072 ni. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 15 àti bíi wákàtí mẹ́rin ni àkọsílẹ̀ máa fi dé MB 16. Ibẹ̀ sì ni agbára ádírẹ́ẹ̀sì oní-byte mẹ́ta parí sí: byte 16,777,216, kò lé ẹyọ kan. Nígbà tí driver mi ní kí chip nu 0x1000000, byte mẹ́ta péré ló fi ránṣẹ́, 1 iwájú yẹn jábọ́ sọ́nà, chip gbọ́ 0x000000. Ó nu ibi tí wọ́n rán an. Kóòdù ti wà nínú RAM nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí àpótí fi ń ṣiṣẹ́ lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Àfìgbà tí iná lọ.

Kí ló wá dé tí driver fi byte mẹ́ta ránṣẹ́ sí chip 32 MB? Mo ka SFDP chip méjèèjì, mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí:

53 46 44 50 06 01 01 FF
00 06 01 10 30 00 00 FF

Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà rèé:

53 46 44 50 00 01 00 FF
00 00 01 09 30 00 00 FF

Byte mẹ́rin tó ṣáájú ni lẹ́tà S, F, D, P. Byte keje ìlà àkọ́kọ́ ń sọ iye àtẹ tó wà, òdo ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà: 00 túmọ̀ sí ẹyọ kan, 01 túmọ̀ sí méjì (mo ti ṣi èyí kà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan rí). Ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà ni byte kẹrin ìlà kejì. 10 ló wà nínú ti àtijọ́, ìyẹn 16 ní ìṣirò ọjà. 09 ló wà nínú èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Èyí tí mò ń pè ní tuntun, òun ló dàgbà jù. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ JESD216, ìyẹn ìlànà SFDP, tí JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà fún chip, gbé jáde ní 2011, DWORD mẹ́sàn-án ló ní. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n fi kún un dé 16, JESD216C sì sọ ọ́ di 20. Nítorí náà, àtẹ tí ẹ rí kò ya, kò sẹ́ni tó jí ìdajì ẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n kọ ọ́, ìbéèrè tí ẹ ń bi í kò tíì sí.

DWORD 2 sọ pé chip náà jẹ́ megabit 256, òótọ́ ni. DWORD 1, ní bit 18 àti 17, sọ pé ádírẹ́ẹ̀sì byte mẹ́ta nìkan ni. Ẹni tó bá fẹ́ dé òpin chip yẹn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ò lè jọ dúró. DWORD 16 ló yẹ kó là wọ́n níjà, torí òun ló ń sọ bí a ṣe ń wọ ipò byte mẹ́rin, kò sì sí níbẹ̀. Èmi ti fi memset kó òdo sí àyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún kí n tó kà á. Driver rí òdo ní ibi DWORD 16, ó gbà pé kò sí ọ̀nà kankan, ó bá tiẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Chip ló dákẹ́ ní tiwa yìí, tèmi ló wá bá a dákẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: nínú àtẹ yìí, òdo kì í ṣe àìsọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ni. Ẹ wo DWORD 15, bit 22 sí 20, tó ń sọ bí a ṣe ń ṣí ojú ọ̀nà mẹ́rin, kí dátà lè máa gba okùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. 000 níbẹ̀ túmọ̀ sí pé chip kò ní bit QE, èyí tó ń ṣí ọ̀nà náà, rárá, ẹ kàn máa lò ó lọ. Bí ẹ bá fi òdo dí i, ẹ ti fi ọ̀rọ̀ sí chip lẹ́nu. DWORD 11 náà ń kọ́? Bit 7 sí 4 ibẹ̀ ló ń sọ iye ìgbà tí a máa sọ 1 di ìlọ́po méjì láti fi mọ ìwọ̀n page, ìyẹn iye byte tí chip lè gbà kọ lẹ́ẹ̀kan. Òdo fún wa ní page oní-byte kan. Ọ̀sẹ̀ méjì tí àpótí yẹn fi wà láàyè, ṣe ló ń kọ byte kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi ṣíbí bu yanrìn, èmi sì ń sọ pé chip yìí mà lọ́ra o. Ẹ ò sì ní bọ́ tí ẹ bá jẹ́ kí driver ka kọjá òpin àtẹ. FF ni ẹ sábà máa bá níbẹ̀, page á di 32,768, chip tí page ẹ̀ jẹ́ 256 á sì máa yí po lórí ara ẹ̀, á máa fi òpin dátà yín bo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, inú àtẹ mìíràn lẹ máa bọ́ sí, nọ́ńbà tó jọ òótọ́ lẹ máa rí. Ìyẹn ló burú jù.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni pé gbogbo nǹkan tí driver mi mọ̀ nípa chip ló ní àmì lára: chip ló sọ ọ́, chip kò sọ ọ́, tàbí chip sọ ọ́ ṣùgbọ́n a ò gbà á gbọ́. Gígùn tí àtẹ fúnra ẹ̀ kọ sílẹ̀ ni mo fi ń gé e, ohun tó bá kọjá ibẹ̀ gba àmì “kò sọ”. Fún ohun tí kò sọ, mo ní ohun tí mo máa ń ṣe tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára: page 256, kíkà pẹ̀lú 0x03 lórí okùn kan, kò sí ojú ọ̀nà mẹ́rin. Ti nínu kò le, DWORD 8 àti 9 ló ń sọ ọ́, wọ́n sì wà nínú mẹ́sàn-án yẹn. Bí DWORD 2 bá ju MB 16 lọ tí n kò sì mọ bí mo ṣe máa fi byte mẹ́rin bá chip sọ̀rọ̀, mo gé e sí MB 16, driver á sì kígbe síta. Ẹ jẹ́ kó kígbe. Oníbàárà tó bínú pé àyè kéré sàn ju èyí tí àpótí ẹ̀ ti kú lọ.

Mo rí i nínú ìbéèrè yín pé ẹ fẹ́ gbìyànjú QE lọ́nà méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ wo èyí tó bá ṣiṣẹ́. Ẹ dákun. Nínú chip kan, bit 6 status register (àyè kékeré tí chip ń kọ ipò ara ẹ̀ sí) kìíní ni QE. Nínú òmíràn, bit ààbò ló wà níbẹ̀, ẹ máa ti apá kan chip pa, títì náà kò sì ní kúrò tí iná bá lọ. Chip mìíràn tún wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá kọ byte kan ṣoṣo sí register kìíní, ó máa nu ìkejì. Kí ẹ sì wo bọ́ọ̀dù yín: bí wọ́n bá so ẹsẹ̀ WP tàbí HOLD mọ́ páwà tàbí mọ́ ilẹ̀ tààrà, ẹ má fọwọ́ kan QE rárá, torí ẹsẹ̀ yẹn máa di ẹnu ọ̀nà dátà, chip á sì máa bá páwà jà.

Ti byte mẹ́rin ní ìdánwò kan tí kì í ba nǹkan jẹ́. Ẹ fi 0x03 ka byte 64 láti òdo, ẹ tún fi 0x13, tó ń gba ádírẹ́ẹ̀sì byte mẹ́rin, ka òdo kan náà. Bí wọ́n bá bára mu, chip gbọ́ 0x13. Àmọ́ bí FF ló kún ibẹ̀, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan o; ẹ wá ibi tí nǹkan wà. Mo fẹ́ràn 0x13 àti ẹgbẹ́ ẹ̀ (0x12 fún kíkọ, 0xDC fún nínu 64 KB) ju kí n fi 0xB7 ti chip wọ ipò byte mẹ́rin lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá tún ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí chip ṣì wà nínú ipò yẹn, tí kò sí okùn reset tó dé ọ̀dọ̀ chip, ROM, kóòdù tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà náà, á máa fi byte mẹ́ta pè é, wọn ò ní gbọ́ ara wọn. Kernel Linux ní orúkọ kan fún bọ́ọ̀dù tó rí bẹ́ẹ̀ nínú devicetree, fáìlì tó ń ṣàpèjúwe bọ́ọ̀dù fún un: broken-flash-reset.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò ju tèmi pẹ̀lú tiyín lọ, ẹ lọ ka drivers/mtd/spi-nor nínú kernel. Chip MX25L25635E àti MX25L25635F ń jẹ́ ID kan náà, F gbọ́ àṣẹ byte mẹ́rin, E kò gbọ́. Ohun tí wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àtẹ F sọ pé òun lè ka 4-4-4, ìyẹn kí àṣẹ, ádírẹ́ẹ̀sì àti dátà gbogbo gba okùn mẹ́rin. IS25LP256 gbọ́ àṣẹ byte mẹ́rin, síbẹ̀ àtẹ ẹ̀ sọ pé ádírẹ́ẹ̀sì byte mẹ́ta nìkan ni. GD25Q256C jẹ́ ti ẹ̀dà àkọ́kọ́, kò ní ibi tó máa sọ ti QE sí, ni wọ́n bá fọwọ́ kọ ọ́ fún un. Wọn ò da àtẹ nù, wọ́n jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe àtúnṣe lórí chip yẹn nìkan. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀: ID pẹ̀lú ẹ̀dà àtẹ ni mo fi ń wá àtúnṣe, kì í ṣe ID nìkan. Chip tó dà mí láàmú yẹn gbọ́ 0x13 geere, datasheet ẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Èmi ni mi ò ṣí i.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ dín clock kù, kí ẹ ka SFDP lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. 0x5A, àṣẹ tí a fi ń ka SFDP, ń fẹ́ àfo clock mẹ́jọ lẹ́yìn ádírẹ́ẹ̀sì, bí ẹ bá gbàgbé ẹ̀, byte kan á yẹ̀, àtẹ tó pé á sì dà bí àtẹ tó ya.

Bí Linux ló wà lórí bọ́ọ̀dù yín, ẹ ṣe xxd /sys/bus/spi/devices/spi0.0/spi-nor/sfdp (nọ́ńbà spi0.0 lè yàtọ̀ ní tiyín), kí ẹ fi ìlà méjì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ tó wà lẹ́yìn chip. Kí ẹ kọ ọ́ dé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn o.