Màmá Wa Kò Ní Adójútòfò Ìlera

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Màmá wa, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún dókítà pé ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí àyà ti ń dun àwọn, bẹ́ẹ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ní adójútòfò ìlera. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1986 pàṣẹ pé kí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó ń gba owó Medicare (ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, pàápàá fún àwọn àgbàlagbà) yẹ ẹnikẹ́ni tó bá wá wò, kí wọ́n sì tọ́jú àìsàn pàjáwìrì, ì báà lówó, ì báà má ní. Nítorí náà, bí àyà bá tún dùn wọ́n, ẹ má ṣe dúró ro ti owó rárá. Ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sì di ẹrù yẹn ru ọmọdé. Bí ìwé owó bá dé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ètò ìrànwọ́ fún aláìní.