Bí ìjà ìparí fíìmù kò bá yé wa, ṣé kí a tún un wò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ̀yìn ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé. Èmi àti àbúrò mi ti wo Tenet lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ n kò lè sọ ẹni tó ń yìnbọn lu ẹni nínú ìjà tó kẹ́yìn. Àbúrò mi ní bí a bá tún un wò, yóò yé mi. Èmi ní owó dátà àti owó epo jẹnẹrétọ̀ la fẹ́ fi ṣòfò. Ta ló jàre nínú wa?

ÌDÁHÙN: Àbúrò yín ló jàre lórí Tenet, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ fíìmù ìjà mìíràn, ẹ̀yin ni ẹ ó jàre. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé àwòrán fíìmù, kí n sì máa so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ìjà kan bá dojú rú mọ́ wa lọ́wọ́, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bi ara wa ni pé: ṣé ohun tí òǹwòran yóò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé wà nínú àwòrán, tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló fò ó, àbí kò sí níbẹ̀ rárá? Bí ó bá wà níbẹ̀, àtúnwò yóò mú un jáde. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lè wò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ kò ní rí i.

Ńṣe ni Christopher Nolan, tó kọ Tenet tó sì darí fíìmù náà, èyí tó jáde ní ọdún 2020, mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ ìparí rẹ̀ pọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì ló ń ja ogun kan náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn tó ní àmì pupa lápá ń lọ síwájú bí àkókò ṣe ń lọ, àwọn tó ní àmì búlúù sì ń ti òpin ogun náà bọ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó nígbà àkọ́kọ́ kò ráyè wo apá ẹnikẹ́ni, nítorí pé ó ṣì ń wá ibi tí ákítọ̀ wà àti ohun tí bọ́ọ̀sì, ìyẹn olórí àwọn ọ̀tá, ń gbìmọ̀. Ẹni tó ti mọ bí yóò ṣe parí ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó láti wo àwọn nǹkan kéékèèké. Ẹ wo ilé gíga tí ẹgbẹ́ méjèèjì jọ yìnbọn lù: apá kan tó ti wó ń dìde padà, apá kejì ń fọ́. Ẹ tún wo okùn kékeré tó ń fì lára àpò ẹ̀yìn Neil, ẹnìkejì ákítọ̀. Okùn yẹn wà lára ẹni tó gba ákítọ̀ là nínú gbọ̀ngàn orin ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ó sì tún wà lára òkú tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin abẹ́ ilẹ̀ ní ìparí. Ojú àkọ́kọ́ kì í kà á sí.

Ohun kan wà tí àtúnwò kò lè tún ṣe nínú fíìmù náà, ìyẹn ni ohùn. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ló ráhùn pé orin àti ìró ìbọn bo ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́lẹ̀. Kì í ṣe etí yín ló ní àìsàn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ máa hàn ní kíkọ nísàlẹ̀ àwòrán.

Àwọn fíìmù tí ẹ̀yin ti jàre ni èyí tí ọwọ́ àwa olùgé bà jẹ́. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú yín ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mo bá fi 12 péré sílẹ̀ kí n tó gé e sí òmíràn, ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. Ojú ènìyàn sì nílò nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó gbéra lọ síbi tuntun, nítorí náà, bí ẹ̀ṣẹ́ bá wà ní igun òsì, tí mo sì gbé ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ náà bà sí igun ọ̀tún, nǹkan bí àwòrán márùn-ún nínú méjìlá yẹn ti lọ kí ojú yín tó débẹ̀. Bí kámẹ́rà bá tún fò lọ sí òdìkejì, ákítọ̀ tó ń sáré lọ sí ọ̀tún yóò ṣàdédé máa sáré lọ sí òsì, bí ẹni tó ń sá fún ìjà. Kò sí iye ìgbà tí ẹ wò ó tí yóò tún ìyẹn ṣe. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ nítorí pé ẹni tó ń jà kò mọ ìjà jà ni (ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín), àtúnwò irú èyí á sì tú àṣírí wa ni.

Kì í ṣe pé gígé wéréwéré burú o. Wọ́n gé Mad Max: Fury Road ti ọdún 2015, tí George Miller darí, wéréwéré, síbẹ̀ ìjà ìparí rẹ̀ yéni lójú ẹsẹ̀, nítorí pé Miller àti John Seale tó ya àwòrán rẹ̀ rí i dájú pé ohun tó yẹ kí ojú wò ń wà ní àárín gbùngbùn. Margaret Sixel tó gé e gba ẹ̀bùn Oscar lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó ná owó dátà mìíràn lórí fíìmù yòówù, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ wo ìṣẹ́jú mélòó kan nínú ìjà náà, kí ẹ sì máa dá a dúró. Bí ẹ bá lè nawọ́ sí ibi tí ákítọ̀ wà, ibi tí bọ́ọ̀sì wà àti ohun tí wọ́n jọ ń dù, a jẹ́ pé àtúnwò yóò so èso. Bí ó bá jẹ́ pé òkùnkùn biribiri nìkan ni ẹ ń rí, ó lè jẹ́ fóònù tàbí ẹ̀dà tí wọ́n fún pọ̀ jù ló fà á, ẹ wá tẹlifíṣọ̀n tó dára kí ẹ tó dá fíìmù lẹ́bi.

Ní ti Tenet, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìjà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gbọ̀ngàn orin, kí ojú yín sì wà lára àpò Neil.