Ṣé Gbọ̀ngàn Mápó Yẹ fún Àríyá Ìgbéyàwó Ọmọ Wa?

Ìbéèrè: Oṣù Kọkànlá ni ìgbéyàwó ọmọbìnrin wa. Gbọ̀ngàn Mápó, n'Ìbàdàn, ló wù ú fún àríyá, àmọ́ bàbá rẹ̀ ní àfi gbọ̀ngàn tuntun. Àlejò 400 la fẹ́ pè. Kí ni ká yẹ̀ wò ká tó sanwó?

Ìdáhùn: Màmá Ìyàwó, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Ojú ọmọ yín mọ ohun tó dára. Láti 1929 tí Kápútéènì Ross, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ti ṣí Mápó ló ti wà lórí òkè, tó ń wo gbogbo òrùlé Ìbàdàn nísàlẹ̀. Gbọ̀ngàn tuntun wo ló fẹ́ fún yín nírú fọ́tò bẹ́ẹ̀? Owó ọ̀ṣọ́ náà á dínkù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ bo àwọn òpó ńlá yẹn.

Àmọ́ ètò ìlú ni wọ́n kọ́ ọ fún, kì í ṣe àsè. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ka owó, ẹ ka àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn, àtàwọn tó ń fi ọ̀pá rìn. Mápó ní àtẹ̀gùn. Ẹ bi àwọn tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà bóyá ọ̀nà kan wà tí kò ní àtẹ̀gùn, àti ibi tí mọ́tò lè gbé àgbà dé. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn àgbà yẹn dání lọ wò ó. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n máa gbé ìyá àgbà pọ̀n wọlé, lójú tèmi, bàbá ìyàwó ló jàre.

Lẹ́yìn ìyẹn, iye èrò. Bí wọ́n bá ní gbọ̀ngàn gba èèyàn 800, ẹ bi wọ́n pé: ṣé àga lásán ni, àbí pẹ̀lú tábìlì? Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì roboto ń gba ju mítà onígun mẹ́rin kan lọ díẹ̀; àga tí wọ́n tò lásán kò gbà ju nǹkan bí ìdajì ìyẹn lọ. Èèyàn 400 yín á gba nǹkan bí 450 mítà onígun mẹ́rin, láìtíì ka ibi tí onílù máa dúró, ojú ijó àti àwọn mo-gbọ́-mo-yà. Ẹ mú téèpù dání, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Ilé tí àjà rẹ̀ ga máa ń dá ohùn padà. Ẹ pàtẹ́wọ́ nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́. Bí ìró náà bá ń dún padà, ẹ sọ fún onílù kó pín ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéékèèké káàkiri, kó má to ńlá méjì síwájú. Ẹ béèrè jẹnẹrétọ̀, omi, àti ibi tí àwọn alásè máa dáná sí.

Ọ̀nà Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba kì í gba ìkánjú lọ́jọ́ Sátidé. Bí ìsìn bá jẹ́ ní Kúdẹtì, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bó bá jẹ́ Bódíjà, ẹ fi wákàtí kan kún ètò yín, kẹ́ ẹ wá ibi tí mọ́tò máa wà nísàlẹ̀ òkè, kí bọ́ọ̀sì máa kó àlejò gòkè.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: aago tí ẹ máa jáde, iye tí wákàtí àfikún jẹ́, ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ kan ìṣó, àti ọjọ́ tí wọ́n máa dá owó ìdógò yín padà. Láìrí ìwé yẹn, ẹ má tíì san kọ́bọ̀.