X-ray Àyà Ọmọdé: Ta Ni Yóò Dì Í Mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ká lọ ya X-ray àyà ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ní Adó. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi. Ṣé mo lè dì í mú? Ṣé ìtànṣán yẹn kò ní jókòó sí i lára? (Ìyá ọmọ, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ẹ má dì í mú o, ìyá wa. Kí bàbá rẹ̀ wọ ẹ̀wù òjé tó ń dín ìtànṣán kù, kó dì í mú, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì bọ́ sójú ibi tí iná ẹ̀rọ tàn sí. Ẹ sọ ti oyún fún òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì jáde kúrò ní yàrá náà. Ẹni tó sún láti mítà 1 sí mítà 2 síbi tí ìtànṣán ti ń wá, ìdá kan nínú mẹ́rin ìtànṣán tó ń kàn án tẹ́lẹ̀ ló kù.

Kò sóhun tó ń jókòó sára. Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, ìtànṣán tán nìyẹn. X-ray àyà àgbàlagbà kì í sábà ju 0.1 mSv (millisievert, òṣùwọ̀n ìtànṣán tó kan ara) lọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀, òkúta, oúnjẹ àti ojú sánmà ń fún wa ní bíi 2.4 mSv lọ́dún. Ti CT, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya inú ara ní ìpele-ìpele, ló pọ̀ gan-an.

Àtúnyà ló yẹ ká sá fún. Ọmọ á mira, àwòrán á rú, wọ́n á tún yà á. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, ẹ kó irun dídì sókè: ìlẹ̀kẹ̀ irun lè hàn lórí ẹ̀dọ̀fóró bí ẹni pé àrùn ni. Kẹ́ ẹ sì gba àwòrán náà lọ́wọ́ wọn, kí ilé ìwòsàn mìíràn má bàa ní kẹ́ ẹ tún un yà.