Okùn oníkókó mẹ́ta nínú ìtàn àjẹ́ erékùṣù

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé: ẹnì kan ń ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wáyé ní erékùṣù kékeré kan ní àríwá Yúróòpù. Apẹja kan bómi lọ, wọ́n wá bá okùn tó ní kókó mẹ́ta nílé ìyá arúgbó kan tí gbogbo ìlú ń pè ní àjẹ́. Kí ni okùn yẹn ń ṣe níbẹ̀? Kíá, àwọn kan ti fèsì: "Ẹ̀dì ni. Ìyá yẹn ló di ọkùnrin náà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fíìmù wa túmọ̀ àṣà àwọn ará etí òkun àríwá. Ṣé gbogbo okùn tó bá ti ní kókó ni ẹ̀dì ni? Afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbà pé ó wà nínú kókó mẹ́ta yẹn, ọjà tí wọ́n sì ń tà fún atukọ̀ ni.

Ọkọ̀ ìgbòkun ayé ìgbà náà kì í lè kọjú sí afẹ́fẹ́ dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ láti ibi tí atukọ̀ ń lọ, èbúté ni yóò jókòó sí, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, kí oúnjẹ máa tán, kí owó máa wọlẹ̀. Á wá tọ ẹni tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa afẹ́fẹ́ lọ, á sanwó, á gba okùn. Nígbà tó bá dórí omi, á tú kókó kìíní: afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ tí yóò kún ìgbòkun. Bí ìyẹn kò bá tó o, á tú èkejì: ẹ̀fúùfù líle tí í mú ọkọ̀ sáré. Ní ti ẹ̀kẹta, ẹni tó tà á ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìjì ló wà níbẹ̀. Olaus Magnus, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ọmọ Swídìn, kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ ní Róòmù ní 1555, àwòrán ẹni tó ń na okùn náà sí àwọn atukọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti kọ irú rẹ̀ nípa àwọn obìnrin erékùṣù Man láti ọ̀rúndún kẹrìnlá.

Ẹ wá wo ẹ̀rí inú ìtàn yẹn pẹ̀lú ojú yìí. Títú kókó ló ń dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Okùn tí kókó rẹ̀ pé mẹ́ta nínú ilé ìyá arúgbó, ọjà tí kò tíì tà ni, kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá bá okùn nínú ọkọ̀ olóògbé, tó sì ku kókó kan, ọkùnrin náà gbọ́ ìkìlọ̀, ibòmíràn ni kí wọ́n ti wá ìjì náà. Bí kò bá ku ẹyọ kan, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló tú u, orí ẹni tó tú u ló sì wà. Òǹkọ̀wé tó bá fi kókó mẹ́ta tó pé ṣe ẹ̀rí ìpànìyàn kò mọ bí ọjà náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ta ló wá sọ ọjà di ẹ̀ṣẹ̀? Ilé ẹjọ́ ni, mi ò sì ní yẹ̀ lórí èyí. Ẹ lọ sí Vardø, erékùṣù kan ní Finnmark, ní ìpẹ̀kun àríwá Nọ́wè. Ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1617, ìjì dé lójijì, ọkọ̀ ìpẹja mẹ́wàá rì, nǹkan bí ogójì ọkùnrin sì kú. Nínú oṣù October ọdún yẹn kan náà ni Christian Kẹrin, ọba Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè, ti ṣòfin pé kí wọ́n dáná sun àjẹ́ tó bá bá èṣù mulẹ̀. Ní 1619, John Cunningham, ọmọ Scotland, di aṣojú ọba ní Vardø. Ní 1620 ni wọ́n ka òfin náà sétí àwọn ará Finnmark. Ìgbà tó di 1621 ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Else Knutsdatter wá jẹ́wọ́ pé àwọn ta kókó sí okùn ìpẹja lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tutọ́ sí i, àwọn sì tú u, ni òkun bá ru sókè bí eérú.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ní Vardø, ọmọ ti kú fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́ta kí àjẹ́ tó ké. Òfin ló kọ́kọ́ dé, ìjẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ sì wo ẹni tó pòórá nínú ìjẹ́wọ́ náà: oníbàárà. Kò sí atukọ̀ tó sanwó mọ́, kò sí ìkìlọ̀ lórí kókó kẹta; àwọn obìnrin ta kókó náà fúnra wọn, wọ́n tú u fúnra wọn.

Bí wọ́n ṣe ń rí irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Wọ́n á di ẹni tí wọ́n fura sí tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n á jù ú sínú òkun. Bó bá léfòó, àjẹ́ ni. Bó bá rì, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èémí inú ẹ̀dọ̀fóró àti afẹ́fẹ́ tó há sínú aṣọ ń gbé èèyàn léfòó, omi iyọ̀ sì tún ń gbéni ju omi odò lọ. Èèyàn 91 ni wọ́n pa lórí ẹ̀sùn àjẹ́ ní Finnmark ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, obìnrin ló pọ̀ jù. Ilé ìrántí tí wọ́n ṣí fún wọn ní Vardø ní 2011 ní fèrèsé 91, gílóòbù kan sí fèrèsé kan.

Níbi tí ilé ẹjọ́ ti sinmi, ọjà náà ń bá a lọ láìpa ẹnikẹ́ni. Ní 1814, Walter Scott, òǹkọ̀wé ọmọ Scotland, bá ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Bessie Millie pàdé ní Stromness, ní àwọn erékùṣù Orkney ní àríwá Scotland. Pẹ́nì mẹ́fà ni ìyá yìí ń gbà lọ́wọ́ atukọ̀, á gbé kẹ́tùrù kaná, á gbàdúrà. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ kì í ṣàìdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà mìíràn wọ́n á dúró dè é díẹ̀. Ta ni yóò dúró pẹ́ tó tí afẹ́fẹ́ kò ní yí?

Ẹ́ńjìnnì ló pa ọjà yẹn. Ó ku àwọn òǹkọ̀wé tó ń fi okùn ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri ilé àjẹ́, láìbéèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Nítorí náà, bí ìtàn tí ẹ ń kà bá jẹ́ ti ayé ọkọ̀ ìgbòkun, ẹ wá oníbàárà. Bó bá jẹ́ ti òde òní, tí gbogbo apẹja ibẹ̀ ń lo ẹ́ńjìnnì, kò sí ẹni tó nílò okùn yẹn lórí omi mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ka sí i fún ọlọ́pàá ni kí ẹ máa ṣọ́.