Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bàtà Tó Tú Lójú Òkè, Àgọ́ Tó Ń Làágùn

Lẹ́tà lórí gígun òkè àti pípàgọ́ pọ̀ lórí tábìlì wa lóṣù yìí. A ti pa àwọn tó jọra pọ̀, a sì gé àwọn tó gùn kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra bàtà ìgunkè tòkunbọ̀ kan lọ́jà. Awọ rẹ̀ ń dán, kò jọ pé ẹnikẹ́ni ti wọ̀ ọ́ rí. Nígbà tí a dé bí ìdajì àtẹ̀gùn Òkè Ìdánrè, àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣí kúrò lára awọ. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, tòsì náà ti tẹ̀lé e. Ṣé ẹni tó tà á fún mi lù mí ní jìbìtì ni? Ṣé gọ́ọ̀mù lè mú un padà?
*Olùkàwé, Ìbàdàn*

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á gan-an má mọ̀. Inú ni àìsàn bàtà náà wà, níbi tí ojú kò tó. Rọ́bà ló ń tẹ ilẹ̀, awọ ló wà lókè, àárín àwọn méjèèjì sì ni fóòmù kan wà tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbá ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fi polyurethane ṣe fóòmù yẹn torí pé kì í tètè tẹ̀ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń bá a yára. Láàárín bí ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ wọ̀ ọ́ o, ẹ kò wọ̀ ọ́ o, á bẹ̀rẹ̀ sí í rún bí àkàrà tó ti sùn mọ́jú. Èyí tó pẹ́ nínú páálí, nínú kọ́ńténà, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé, òun ló ń tètè lọ jù, torí ọ̀rinrin kò rí ọ̀nà jáde. Ìdí nìyẹn tí bàtà tó dà bíi tuntun fi lè burú ju èyí tí wọ́n ti wọ̀ gbó lọ.

Gọ́ọ̀mù kò lè mú un. Ohun tí aránbàtà fẹ́ lẹ̀ mọ́ra ti di ìyẹ̀fun. Yóò mú fún ọjọ́ díẹ̀, yóò tún ṣí. Àfi kó gé fóòmù náà kúrò pátápátá, kó fi àtẹ́lẹ̀ tuntun sí i, owó iṣẹ́ yẹn sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó bàtà mìíràn.

Nígbà mìíràn, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi èékánná tẹ fóòmù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀. Bó bá dára, ojú ibẹ̀ á padà sípò. Bí ojú èékánná bá dúró síbẹ̀, tàbí tí ìyẹ̀fun bá bọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ fún olówó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ di imú bàtà àti gìgísẹ̀ mú, ẹ ká a bí ẹsẹ̀ ṣe ń ká nígbà tí a bá ń rìn, kí ẹ wo bóyá ìlà tín-ín-rín ń là lára fóòmù. Ẹ yẹ abẹ́ ahọ́n bàtà wò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń tẹ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é síbẹ̀. Bó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, àwa kò ní gbé e gun òkè, bó ti wù kó dán tó. Irú fóòmù mìíràn tí wọ́n ń pè ní EVA kì í rún báyìí. Òun a máa tètè tẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní já yín sílẹ̀ lójijì.

Bí àtẹ́lẹ̀ bá ṣí lójú ọ̀nà, ẹ má fà á já. Ẹ fi okùn tàbí téèpù dì í mọ́ awọ níbi méjì, níwájú àti láàárín, kí okùn sì gba inú kòtò rọ́bà kọjá. Bó bá gba orí rọ́bà, òkúta á gé e kí ẹ tó rìn jìnnà.

Ní ti Ìdánrè fúnra rẹ̀, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni, lẹ́yìn rẹ̀ ó ku àpáta. Kò béèrè bàtà wúwo. Kánfáàsì tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tó sì ń di àpáta mú, á ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ lọ rà á nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa gbé lọ. Kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọwọ́ ṣẹ́kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù, torí ìgbà tí a bá ń sọ̀ ni ìka ń gbá imú bàtà tí èékánná fi ń dúdú. Ìbọ̀sẹ̀ òwú máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ, ibẹ̀ ni ìléròrò ti ń wá. Èyí tí wọ́n fi pọliẹ́stà tàbí irun àgùntàn hun sàn jù. Bí ibì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín lẹ́sẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ dúró lẹ pílásítà mọ́ ọn. Bó bá ti kó omi, ó ti pẹ́ jù.

Wọ́n kọ 3000 mìlímítà sára àgọ́ tí mo rà, wọ́n ní òjò kò lè wọ̀ ọ́. A pa á sí ẹ̀bá omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Òjò ò rọ̀ rárá, síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo inú rẹ̀ ti lómi. Mo fẹ́ lọ dá a padà fún wọn.
*Olùkàwé, Òṣogbo*

Ẹ má dá a padà. Èémí yín ni. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí omi ṣe lè ga tó lórí aṣọ náà kó tó jò wọlé. Kò sọ ohunkóhun nípa omi tó ń ti inú wá. Àgbàlagbà méjì tó bá sùn mọ́jú á mí omi tó kún ife jáde, òógùn ò sí nínú ìṣirò yẹn. Aṣọ tí òjò kò lè gbà wọlé, èémí náà kò lè gbà á jáde. Bí aṣọ òde bá ti tutù lóru, omi á dúró sára rẹ̀. Ẹ sì tún lọ pa á sẹ́bàá omi, níbi tí afẹ́fẹ́ ti rin gbingbin tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ pa á sí àgbàlá lọ́sàn-án. Kí ẹnì kan wọ inú rẹ̀, kí ẹnì kejì da omi kẹ́ẹ̀tù kan díẹ̀díẹ̀ sójú ìrán. Èyí tó ń jò á wá ní ìlà láti ojú ìrán tàbí láti igun ilẹ̀, ti èémí sì máa ń tàn ká gbogbo abẹ́ aṣọ ní ẹ̀kán kéékèèké. Bí ó bá jẹ́ ojú ìrán ló ń jò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun gọ́ọ̀mù ojú ìrán sí i tín-ín-rín, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fi kun aṣọ náà o: gọ́ọ̀mù polyurethane kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ onísílíkọ́ọ̀nù, ti sílíkọ́ọ̀nù náà kì í lẹ̀ mọ́ èkejì.

Ní ti èémí, àgọ́ onípele méjì ló bá ilẹ̀ wa mu: nẹ́ẹ̀tì nínú, aṣọ òjò lóde, kí àyè tó tó ìbú ọwọ́ wà láàárín wọn. Ẹ fa okùn ẹ̀gbẹ́ le kí aṣọ òde má bàa fara kan nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí ojú afẹ́fẹ́ òkè sílẹ̀ kódà bí òjò bá ń rọ̀. Kí ẹ̀yìn àgọ́ kọjú sí atẹ́gùn, kí ẹ sì jìnnà sí odò àti kòtò. Aṣọ tútù kò gbọ́dọ̀ sùn pẹ̀lú yín. Bí ẹ bá tẹ́ tapólì sábẹ́ àgọ́, kó kéré ju ìdí àgọ́ lọ yí ká. Èyí tó bá yọ síta ló ń gbé òjò wá sábẹ́ yín.

Kí èèkàn wọlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ àgọ́. Lórí àpáta bíi ti Adó-Àwáyè, níbi tí adágún Ìyàkẹ́ wà, èèkàn kò wúlò rárá, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú kí ẹ tó pàgọ́ kankan. Àgọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ lè gbé e ró láìsí èèkàn ni kí ẹ gbé lọ síbẹ̀. Ẹ so okùn rẹ̀ mọ́ òkúta kékeré, kí ẹ wá gbé òkúta ńlá síwájú rẹ̀, láàárín òun àti àgọ́. Bí atẹ́gùn bá fà á, òkúta kékeré á há mọ́ ẹ̀yìn ńlá. Èyí lágbára ju kí ẹ kàn gbé òkúta lé okùn lórí lọ.

Àìtọ́jú ló sì ń pa àgọ́ lọ́wọ́ wa ju òjò lọ. Ohun tí wọ́n fi kun aṣọ náà nínú jẹ́ ẹbí fóòmù bàtà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ká a tútù, tí ẹ gbé e sí búùtù ọkọ̀ tàbí orí àjà, nígbà tí ẹ bá máa fi ṣí i, á ti ń lẹ̀ mọ́ra, á sì máa rùn bí èébì. Kò sí àtúnṣe. Ẹ sá a sábẹ́ ibòji títí tó fi gbẹ kanrin, torí oòrùn náà ń jẹ náílọ́ọ̀nù, kí ẹ sì fi í sínú àpò aṣọ ńlá láìká a le.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi níléèwé fẹ́ gun Yr Wyddfa ní Wales lóṣù kẹrin. Wọ́n ní kí n ra jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ pẹ́pẹ́yẹ. Owó rẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ṣé dandan ni?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Leeds*

Kì í ṣe dandan. Ẹ̀wù òjò ni kí ẹ náwó lé. Òkè náà ga ní 1,085 mítà, kò sí èyí tó ga tó o ní Wales. Ní gbogbo 100 mítà tí a bá gùn, otútù máa ń fi bí ìdajì digirí sí digirí kan le sí i, atẹ́gùn sì ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Lóṣù kẹrin, yìnyín ṣì lè wà lókè nígbà tí oòrùn ń ràn nísàlẹ̀. Ìyẹ́ ń mú ara gbóná dáadáa bó bá gbẹ. Bó bá ti mu omi, á dì, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí, bẹ́ẹ̀ òjò ni Wales mọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi okùn àtọwọ́dá kún inú rẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì ṣì ń mú ooru díẹ̀ dúró nígbà tó bá tutù.

Aṣọ pọliẹ́stà tàbí irun àgùntàn ni kó kan ara, kí fílísì tẹ̀ lé e, kí ẹ̀wù òjò wà lókè. Jíìnsì, ẹ fi sílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn nígbà tí otútù ṣì ń mú yín díẹ̀. Ẹni tó bá di gbogbo aṣọ rẹ̀ mọ́ra láti ìsàlẹ̀ á làágùn, òógùn yẹn ló sì máa mú un gbọ̀n lókè.

Ẹ̀wù òjò àlòkù kò burú. Ẹ da omi lé e. Bí omi bá ń yí dànù, ẹ rà á. Bí aṣọ bá ń mu omi, oògùn tó ń lé omi kúrò lójú rẹ̀ ló ti lọ, kò túmọ̀ sí pé ó ti ń jò. Ẹ fi ọṣẹ tí kò ní oògùn tó ń mú aṣọ rọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ lórí ooru kékeré fún bí 20 ìṣẹ́jú bí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá gbà á. Ooru yẹn ló ń jí oògùn náà. Bí kò bá jí, wọ́n ń ta èyí tí a ń fọ́n sí i. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì orí àti máàpù bébà dání, torí otútù ń fa bátìrì fóònù gbẹ. Bí ẹ bá sì ń gbèrò láti sùn lókè, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó nilẹ̀ ní Wales. Scotland ló yàtọ̀: òfin ilẹ̀ wọn ti 2003 fàyè gba pípàgọ́ lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ gbalasa.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ń bá ilé ìwé rẹ̀ lọ pàgọ́ n'Íkọ́gòsì nígbà ọyẹ́. Wọ́n ní kó mú àpò ìsùn wá. Èyí tí mo rí, −5 digirí ni wọ́n kọ sí i. Ṣé kò ní sè é?
*Ìyá ọmọ, Èkó*

Á sè é, mà. Nọ́ńbà mẹ́ta ló yẹ kó wà lára àpò ìsùn: ti ìgbà tí ara máa rọni, ti ìgbà tí a máa fara dà á, àti ti ìgbà tó kàn jẹ́ pé ẹ̀mí ò ní bọ́. Àwọn òǹtajà fẹ́ràn láti kọ èyí tó kéré jù gàdàgbà. Fún ọmọ yín, aṣọ ìbora kan àti súwẹ́tà tó. Ohun tó yẹ kí ẹ rà ni ẹní fóòmù líle, torí ilẹ̀ ló ń fa ooru kúrò lára ẹni tó sùn. Kó máa gbọn bàtà rẹ̀ láràárọ̀ kó tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, nítorí àkekèé. Bí ẹ bá fún un ní ìpara ẹ̀fọn tó ní DEET, ẹ kìlọ̀ fún un pé kó má kan ìgò ojú àti aago rẹ̀. Ó máa ń yọ́ ike.

Bí òjò bá ká wa mọ́, ṣé a lè dáná nínú àgọ́?
*Olùkàwé, Adó-Èkìtì*

Rárá. Gáàsì o, èédú o, èédú tó ti pọ́n tí kò rú èéfín mọ́ gan-an ló burú jù, torí carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti ara iná jáde, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ẹ ta tapólì sókè láàárín igi, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti sè é.

Báàgì ẹ̀yìn mi ń fa èjìká mi ya, bẹ́ẹ̀ àwọn tí a jọ ń gun òkè gbé ẹrù tó jù tèmi lọ. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa? Kí ni kí n sì ṣe sí omi, torí òun ló wúwo jù?
*Olùkàwé, Abẹ́òkúta*

Èjìká lẹ fi ń gbé ohun tó yẹ kí ìbàdí gbé. Ẹ tú gbogbo okùn báàgì náà, ẹ gbé e kọ́. Ẹ kọ́kọ́ de bẹ́líìtì ìbàdí, kí àárín rẹ̀ jókòó sórí eegun ìbàdí gan-an, kì í ṣe lórí ikùn, kí ẹ fà á le. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa okùn èjìká títí tó fi kan ara láìtẹ̀ ẹ́. Okùn kékeré tó wà lókè èjìká ló kàn, èyí tó ń fa orí báàgì súnmọ́ yín, ti àyà ló kẹ́yìn. Bí ẹ bá lè ti ìka méjì bọ abẹ́ okùn èjìká wẹ́rẹ́, ó ti bọ́ sí i. Bí bẹ́líìtì bá ti wà nípò rẹ̀ tí okùn èjìká ṣì ń lọ́ fòó lẹ́yìn, báàgì náà gùn jù fún yín, kò sí ìdè tó lè tún un ṣe. Ohun tó wúwo, kó súnmọ́ ẹ̀yìn yín láàárín báàgì. Bó bá wà nísàlẹ̀ tàbí lóde, á máa fà yín sẹ́yìn.

Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni. Nínú ooru wa, ẹ ka ìdajì lítà fún wákàtí ìrìn kan, ó kéré tán. Bí odò bá wà lójú ọ̀nà, ẹ gbé lítà méjì, kí ẹ máa pọn ìyókù. Kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, ó ti tó. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.1 máíkírọ́ọ̀nù ń mú bakitéríà dúró, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì kéré ju ihò náà lọ. Nítorí náà, níbi tí abúlé bá wà lókè odò, ẹ sẹ́ ẹ tán, kí ẹ tún ju hóró oògùn chlorine sí i, kí ẹ dúró fún 30 ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún. Omi tó bá rú, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrẹ̀ á dí asẹ́ náà pa lọ́jọ́ kìíní.