Kí ẹ tó ra kámẹ́rà, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí oòrùn wà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Àjàrá ní Àgbádárìgì ni mò ń gbé. Mo fẹ́ràn kí n máa ya fọ́tò ìlú, pàápàá àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní Màrínà, ṣùgbọ́n fóònù ni mo fi ń yà á. Ojú ọ̀run máa ń funfun báláú, ojú ilé á ṣókùnkùn, ògiri á sì dà bíi pé ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Lóṣù kẹfà, mò ń lọ kí ọmọ mi obìnrin ní London. Ṣé kí n ra kámẹ́rà kí n tó lọ ni?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ má tíì náwó. Bí wọ́n bá gbé kámẹ́rà olówó ńlá dúró síbi tí kò yẹ, ní àsìkò tí kò yẹ, fọ́tò burúkú yẹn náà ló máa yà. Ó kàn máa hàn kedere sí i pé ó burú ni.

Àwọn ilé tí ẹ ń sọ yìí, títí kan ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845, ọ̀sà ni wọ́n kọjú sí, ìyẹn ìhà gúúsù. Oòrùn tiwa níbí kì í sì í gba ojú kan kọjá láti oṣù dé oṣù. Láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ló ń gbà kọjá lọ́sàn-án, ẹ̀yìn ilé ló ń ràn sí. Ojú ilé á wà nínú òjìji, ọ̀run tó wà lókè rẹ̀ á sì máa dán yanran. Fóònù kì í lè mú méjèèjì dáadáa: bó bá gba ti ilé, ọ̀run á funfun, bó bá gba ti ọ̀run, ilé á ṣú. Nígbà tó bá fi máa di ìparí oṣù kẹsàn-án, oòrùn á ti padà sí ìhà ọ̀sà, ibẹ̀ náà ni yóò sì máa wà títí di oṣù kẹta. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, ní nǹkan bí ago mẹ́jọ àárọ̀ tàbí ago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Eruku ọyẹ́ máa ń bí àwọn kan nínú, àmọ́ èmi fẹ́ràn rẹ̀: ó ń jẹ́ kí àwọn igi àgbọn tó wà ní Gberefu lódìkejì omi ṣe bàìbàì, kí ohun tó wà nítòsí sì yọ dáadáa.

Bí kò bá wá sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é, tó jẹ́ pé àsìkò òjò lẹ ráyè, ẹ yọ ọ̀run kúrò nínú fọ́tò. Ẹ ya ilẹ̀kùn, fèrèsé, páànù tó ti dípẹtà. Bí ọ̀run bá gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, ẹ fi ìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù, kí ẹ fà á wálẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ dín kù. Ibi tó bá ṣú ṣì ṣe é là díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti funfun pátápátá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí a lè yọ jáde.

Ti ògiri tó ń ṣubú rọrùn. Ẹ ń gbé ojú fóònù sókè kí òrùlé lè wọlé ni. Ẹ mú un dúró ṣánṣán, kí ẹ máa fẹ̀yìn rìn títí òrùlé á fi wọlé (ẹ wẹ̀yìn o, ọlọ́kadà ò ní dúró). Ilẹ̀ á pọ̀ níwájú. Ẹ lè gé e kúrò tó bá yá, tàbí kí ẹ dúró de kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń kọjá tàbí omi òjò tí ilé hàn nínú rẹ̀. Ẹ má lo 0.5, ìyẹn lẹ́ǹsì fóònù tó ń kó ibi tó fẹ̀ wọlé, fún ilé, ó máa ń fa etí fọ́tò gùn.

Ní Vlekete, ibi ọjà ẹrú àtijọ́, àti níbikíbi tí ojúbọ bá wà, ẹ kí àwọn tó ni ín kí ẹ tó yọ fóònù. Bí Sangbétò, eégún àwọn Ògù tó ń ṣọ́ ìlú, bá jáde lóru, ẹ fi fóònù sápò. Mi ò ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má dojú kọ bárékè àwọn ológun rárá: wọ́n lè fi òfin Official Secrets Act ti 1962 mú ẹni tó bá ya irú ibẹ̀.

Ní London, oòrùn kì í gba àríwá kọjá lọ́sàn-án láéláé. Ẹ fi ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní Westminster ṣe àpẹẹrẹ: ojú rẹ̀ tó wà létí odò Thames, ìlà oòrùn ló kọjú sí. Lóṣù kẹfà, oòrùn á ti là kí ago márùn-ún àárọ̀ tó lù. Ní ago mẹ́fà, ìmọ́lẹ̀ á ti wà lára ògiri náà, èrò ò sì ní tíì pọ̀ lórí afárá. Bí ẹ bá lọ nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ilé loòrùn á wà, bíi ti Màrínà lásìkò òjò gẹ́lẹ́. Kàkà kí ẹ bínú, ẹ dúró kó wọ̀, ní nǹkan bí ago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Lọ́dọ̀ wa, kò ju bí ìṣẹ́jú 20 sí 25 lọ lẹ́yìn tóòrùn bá wọ̀ tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Tiwọn máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọ̀run á sì di aró nígbà tí iná ìlú bá ti tàn. Ẹ fi fóònù ti ògiri afárá, ẹ pa fíláàṣì, kí ẹ lo táímà kí ọwọ́ má baà mì ín.

Inú báàgì àfọwọ́gbé ni páwà báǹkì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín.

Ní ti kámẹ́rà, ohun tí ẹ máa torí rẹ̀ rà á ni lẹ́ǹsì tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ra, tàbí bí ẹ bá fẹ́ tẹ fọ́tò tóbi sára ògiri. Bí ẹ bá ti London dé tí ọ̀kan nínú méjèèjì yìí sì ń dùn yín, ẹ wá ra tòkunbọ̀ tó dáa, kí owó tó pọ̀ jù lọ sórí lẹ́ǹsì.